Ó Ku Oṣù Méjì

Oṣù Kísìléfù lé, ojú ọ̀run gbẹ
bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí a gbàgbé sórí iná.
Àwọn mẹ́ta tó mọ̀wé jù ní abúlé wa lẹ́sẹ̀ òkè Átílásì
ti kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ tiwọn.
Òjò ò dá wọn lóhùn.
Ni Rábì Ṣáúlù bá dìde nínú sínágọ́gù, ó ní:
Ajé, Ọjọ́bọ̀, Ajé,
gbogbo wa lọ̀rọ̀ kàn báyìí.

Gbogbo wa. Mo ka ara mi mọ́ ọn.
Màmá àgbà ka oṣù lórí ìka, ó kà á tán, ó mirí:
“Ó ku oṣù méjì kí o pé ọmọ ọdún méjìlá, Fréhà.
Òfin ò tíì mọ orúkọ rẹ.”
Ó gé búrẹ́dì ọkà báálì fún mi,
kò sí òróró ólífì, kò sí oyin,
nítorí ọmọdé tí kò gbààwẹ̀
kò gbọdọ̀ fẹnu ṣe fàájì lójú ẹni tí ebi ń pa.
Mo dì í sétí ìborùn mi. Mo jáde.

Ilé Yámínà ni mo kọ́kọ́ yà.
Ọmọ rẹ̀ ń fa ọmú
bí ẹni ń fa omi nínú kànga tó ti ń gbẹ.
Rábì ti ránṣẹ́ sí i: ìwọ má gbààwẹ̀,
ṣùgbọ́n jẹun fún ọmọ, má jẹun fún adùn.
Yámínà bu ọbẹ̀ lẹ́ńtìlì sẹ́nu, ó ń wò mí.
“Báwo lèèyàn ṣe ń jẹun láìgbádùn rẹ̀?
Mo ti ń gbìyànjú láti àárọ̀.
Iyọ̀ rẹ̀ ló ṣe wẹ́kú.”

Bàbá Ẹliyáhù alágbẹ̀dẹ fàdákà ń bínú lórí ẹní,
àyà rẹ̀ ń mí bí ewìrì tó ti ya.
Rábì fọwọ́ ara rẹ̀ fi dábínù sí i lẹ́nu.
Ó gbé e mì, omi bọ́ lójú rẹ̀:
àádọ́rin ọdún, kò fo ọjọ́ kan rí.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Makulúfù tó dé,
alárìnkiri tó ń ta abẹ́rẹ́, òwú àti dígí kéékèèké,
tòun ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀.
Ìlú tí òjò ti rọ̀ ló ti ń bọ̀.
Ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀.
Gbogbo wa dúró, à ń wo ẹrẹ̀ náà.

Ẹyin méjì ló ti jẹ ní ìdájí. Ó fẹ́ bó ìkẹta
kí Ísò ọmọ aládùúgbò wa tó figbe ta.
Àlejò tó bá wọ ìlú ààwẹ̀, ará ìlú ààwẹ̀ ni.
Makulúfù wo ẹyin, ó wò wá, ó ti ẹyin bàpò.
Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè
pé méjì tó ti wà níkùn ńkọ́.

Mo sáré bá Rábì:
“Ní Nínéfè, ẹran ọ̀sìn náà gbààwẹ̀.
Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí ńkọ́?”
Ètè rẹ̀ ti bó, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín.
“Ọba Nínéfè ló pa àṣẹ yẹn, kì í ṣe àwa.
Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Fréhà. Lọ jẹun.”

N kò jẹun. Mo tú etí ìborùn,
ẹranko náà fi ètè rírọ̀ kó búrẹ́dì mi
kúrò ní àtẹ́lẹwọ́.
Mo jókòó tì í títí ìràwọ̀ mẹ́ta fi yọ.
Màmá àgbà bi mí: “Búrẹ́dì rẹ ńkọ́?”
Mo ní ó ti tán. N kò purọ́.

Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.
Èmi náà ti di màmá àgbà báyìí,
mo ti gba ààwẹ̀ tí n kò lè kà mọ́,
èyí tí òfin forúkọ pè mí sí.
Ebi wọn ti lọ pátá.
Ti ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ṣì ń gbọ́:
eyín kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àlejò,
tó ń rún búrẹ́dì ọkà báálì wómúwómú,
tí kò kánjú.