Ọ̀pá Aṣọ Mẹ́rin

Ní Ànápólísì, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí,
búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń jẹun:
mo ń gbọn eruku ayé àná lára ojú ewé.
Òtútù ibẹ̀ ò kéré. Súwẹ́tà méjì ni mo máa ń wọ̀.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan mo ṣí ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú omi,
mo ti ń retí iyọ̀, ìṣó, ìkòkò irin.
Èèyàn ni mo bá.

Támúsìn Páskò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ó mọ aṣọ rán. Eyín iwájú kan ti ká.
Ó jí ọ̀pá aṣọ mẹ́rin. Ọdún méje.
Pọ́ùn mẹ́sàn-án.
Ọwọ́ akọ̀wé ọ̀hún gún régé, kò gbọ̀n.
Ìlà tó tẹ̀ lé e: àgbá ọtí méjìlá.

Ọ̀pá mẹ́rin!
Béèyàn bá fi rán ìró, ṣé yóò rí ti gèlè yọ?
Àwọn àgbà ní ẹni tó jalè ló bọmọ jẹ́.
Ẹni tó kó ọmọ sínú ọkọ̀, tó lọ tà á ńkọ́?
Òwe dákẹ́ níbẹ̀.

Àti Ìlú Ọba o, Ìlú Ọba
tí bùrọ̀dá mi fi àwẹ̀ ogójì ọjọ́ wá ọ̀nà rẹ̀ tí ò rí,
ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń kó ọmọ tiwọn jáde níbẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lójú agbami,
bísíkíìtì tó ti ní kòkòrò.
Bí ẹnìkan bá kú mọ́jú, ẹni tó sùn tì í ò ní tètè sọ,
kí oúnjẹ òkú lè kan òun.

Nígbà tí wọ́n dé etídò Sẹ́fáànì,
wọ́n bu omi fún wọn bọ́jú, wọ́n ya irun wọn.
Hesekáyà Túgúùdù, olóko tábà,
ní kí Támúsìn la ẹnu.
Kí n má purọ́: èmi náà,
wọ́n ya fọ́tò àyà mi kí wọ́n tó fún mi ní físà.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo sanwó ẹ̀.

Ìwé kejì, ìwé ti oko.
Poro tábà kan náà, ọkọ́ méjì:
Támúsìn, àti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Júnò.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Támúsìn, ọdún tó kù: márùn-ún.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Júnò, níbi tó yẹ kí ọdún wà,
akọ̀wé kàn fa ìlà gbọọrọ.
Ìlà náà gùn dé etí ìwé.

N ò mọ̀ bóyá wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀.
N ò mọ̀ bóyá Támúsìn fi omi rẹ̀ lọ̀ ọ́,
tàbí ó ń tutọ́ sílẹ̀ nígbà tí Júnò bá ń kọjá.
Ìyà kì í sọ èèyàn di ẹni rere lọ́ranyàn.
Ohun tí ìwé ìròyìn sọ ni mo mọ̀:
lóṣù Ọ̀wàrà, Támúsìn sá lọ,
ó wọ síkẹ́ẹ̀tì àwọ̀ eérú,
ó mú abẹ́rẹ́ mẹ́fà ti ìyàwó ọ̀gá dání;
ẹni tó bá mú un yóò gba ogójì sílè.
Ọjọ́ kejìlá, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.
Òfin Mẹ́rílándì ìgbà yẹn: sá lọ́jọ́ kan, sin ọjọ́ mẹ́wàá.
Mo ṣe ìṣirò ẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì kọfí mi.
Ọgọ́fà ọjọ́.

Ọ̀gá mi yọjú, ó ní ilé ti fẹ́ ti.
Mo ní ó ku ojú ewé kan.
Kí n tó pa ìwé dé, mo pe ọmọ náà jẹ́jẹ́, Támúsìn,
ó bọ́ lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́wọ́.
Mo tún la ẹnu fún èkejì.
Àbẹ̀ní? Àwẹ̀ró?
Bóyá ará ibòmíràn ni, tí èdè rẹ̀ ò bá tèmi tan rárá.
Mo pa ẹnu mi dé.
Èèyàn kì í sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ
lẹ́yìn ìyá rẹ̀.