Kànga Ìyá Sàfúrátù

Ọjọ́ Sátidé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán,
a ti há ara wa mẹ́fà sínú Máíkírà kan ní géètì Yunifásítì,
ìgò kéékèèké mẹ́rìnlélógún nínú páálí lórí itan mi,
èmi tí mo forúkọ sílẹ̀ nítorí ìwé-ẹ̀rí.
Kí n má purọ́: nítorí ìwé-ẹ̀rí náà ni.
Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn agbanisíṣẹ́ kì í wo èsì ìdánwò nìkan mọ́,
wọ́n á bi ọ́ pé, "Kí lo ti ṣe fún ìlú?"
Mo fẹ́ ní nǹkan tí n ó fi dáhùn.

A kọjá Mọ́kọ́lá, a kọjá Bẹẹrẹ,
a sọ̀ ní Kúdẹtì, a ń bu omi kànga
láti ojúlé dé ojúlé bí ẹni ń ka ènìyàn.
Ọ̀ṣúnlékè mú ìwé, Mọrẹ́nikẹ́ mú ìgò.
Èmi ni wọ́n fún ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì:
funfun fún omi tó ṣeé mu,
pupa fún èyí tí ìgbẹ́ ti dé inú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, èsì jáde.
Omi Ìyá Sàfúrátù kò mọ́.
Mo fi ìlà pupa méjì dábùú ara wọn lẹ́nu kànga rẹ̀,
mo sì rò pé mo ti ṣoore.

Ìyá yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ìdì aṣọ fífọ̀ lápá.
Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.
Ó ní, "Ọdún tí mo bí Sàfú ni ọkọ mi gbẹ́ ẹ,
òun àti àbúrò rẹ̀, dígà kan ṣoṣo.
Ìyàwó mẹ́tàdínlógún ló ti fi omi rẹ̀ ṣan ẹsẹ̀ wọ agbo ilé yìí.
Ẹ fa ìlà, ẹ ń lọ.
Ta ni yóò pọn omi fún mi lọ́la?"

Ọ̀ṣúnlékè ń ṣí ìwé, ó ń ṣí i,
bóyá ìdáhùn wà ní ojú ewé kan.
Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀. Èmi ń wo ọ̀dà lórí bàtà mi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta péré ló padà.
Ìyá ti fi kẹrosíìnì nu ìlà mi kúrò, ó kù fẹ́ẹ́rẹ́ bí àpá iná.
A ò sọ nǹkan kan. A gun òkè ilé rẹ̀,
a rí ṣáláńgá tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́,
a rí gọ́tà tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti dí pa,
tí gbogbo ohun tó yẹ kó ṣàn lọ
fi ń wá ọ̀nà sísàlẹ̀, sọ́dọ̀ Ìyá.

A kó o. Ó rùn. Mi ò ní fi ẹwà ọ̀rọ̀ bò ó.
Bàbá Láṣùn, bíríkìlà tó ń gbé ojúlé kejì,
wo bí mo ṣe ń po sìmẹ́ǹtì, ó mi orí:
"Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ lo fẹ́ mu ni, àbí o fẹ́ dí ihò?"
Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó sì dá a padà fún mi,
ó ní kí n tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. A fa kànga náà gbẹ,
a da oògùn apakòkòrò sí i,
àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé.

Fọ́ọ̀mù dé láti ọ́fíìsì: "Iye wákàtí tí o fi sin ìlú."
Ṣé kí n ka ti ọjọ́ tí mo fa ìlà mọ́ ọn?
Mo ká a sápò. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Èsì tuntun kò tíì jáde.
Lánàá, Ìyá gbé ife onírin kan fún mi,
omi inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́,
ó ní, "Ìwọ tó o kùn mí lọ́dà, mu."
Ó jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín:
"Mo ti sè é, ọmọ mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sè é."

Mo mu.