Ọwọ́ Tó Dí Àbẹ́là

Machteld fi itọ́ rin òwú,
ó ń nu èéfín irinwó ọdún
nínú yàrá òkè kan ní Utrecht,
oṣù Kọkànlá, tí ilẹ̀ ń ṣú kí ọmọ iléèwé tó délé.

Ohun tí a mọ̀ nínú àwòrán náà ò pọ̀:
obìnrin kan ń ka lẹ́tà;
ọwọ́ kan dí àbẹ́là,
iná wá pọ́n láàárín ìka rẹ̀ bí inú ìbẹ́pẹ.
Ìyókù, òkùnkùn biribiri.

"Egungun màlúù ni wọ́n sun di dúdú yìí," Machteld ní.
"Funfun iwájú orí rẹ̀ yẹn, òjé ni;
ọtí kíkan àti ìgbẹ́ ẹṣin ló jẹ ẹ́ di ẹfun.
Májèlé ni ìmọ́lẹ̀ yẹn."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òwú dé igun òsì, ojú kan yọ:
ọmọdébìnrin, kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, fìlà ìránṣẹ́ lórí.
Òun ló ni ọwọ́.
Wọ́n ní òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀.
Eléyìí mọ̀ ọ́n; ìránṣẹ́ nìkan ló bò.
Ìda ti kán sí i ní àtàǹpàkò.
Kò wo lẹ́tà, kò wo ìyá ilé,
ó ń wo ẹni tí yóò ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Machteld paná orí tábìlì.
Níta, òjò ń rọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so mọ́ afárá.
Ìgbà tí mo máa mọ̀, mo ti na ọwọ́
bí ẹni fẹ́ gba nǹkan gbígbóná lọ́wọ́ ọmọdé.