Orúkọ Kan Náà Lórí Ìwé Méjèèjì

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣánko etí réluwé ní Lafẹ́nwá,
Ṣówándé àti àbúrò rẹ̀, Gbọ́láwọlé,
ọmọ ìyá méjì, àdá méjì, ìgò omi kan.
Wọ́n jókòó sínú koríko náà, wọ́n mu gààrí,
wọ́n sùn díẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Ohun tó bù wọ́n jẹ kò tó orí abẹ́rẹ́.
Ẹ̀fọn kọ́. Eégbọn kọ́.
Pupa tín-ín-tín kan tó gun orí ewé
bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Ṣówándé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wa ní Ìdí-Àbà.
Ibà, orí fífọ́, àti lábẹ́ abíyá,
egbò dúdú kan, bí ibi tí iná sìgá ti jó aṣọ.
Kò dùn ún. Ó ní òun rò pé eéwo ni.

Gbọ́láwọlé, wọ́n gbé e wá ni.
Mo wá abíyá, mo wá ìtan, mo wá ẹ̀yìn etí,
ara rẹ̀ mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ṣùgbọ́n ó ń pe ìyá wọn tó ti kú,
ó ń mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì gun òkè Ìtòkò.
"Ibà lásán ni." "Táífọ́ọ̀dù ni."
Wọ́n ti fi oògùn méjèèjì wò ó nílé, kò gbà.

Èmi ni mo fa ẹ̀jẹ̀ wọn.
Awò mi kò rí nǹkan kan.
A fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn nínú páálí oníyìnyín,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé:
kòkòrò kan náà, ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Èyí tó wọ ẹ̀gbọ́n fi àpá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà;
èyí tó wọ àbúrò kò kan ilẹ̀kùn rárá.

Ogún ọdún ni mo ti ń kọ orúkọ àìsàn.
Mo ṣebí ẹni tó mọ orúkọ ti mọ ìwà.
Ta ló ń pe Ṣówándé
tí Gbọ́láwọlé ń dá a lóhùn?

Kápúsù kan náà la fún wọn.
Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ti ń bèèrè ẹ̀kọ.
Àbúrò lo ọjọ́ mọ́kànlá.
Ó dìde;
etí rẹ̀ kò bá a dìde.

Wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí.
Gbọ́láwọlé ń ṣánko, kò gbọ́ fèrè.
Bí irin bá ti ń gbọ̀n,
Ṣówándé á ju àdá sílẹ̀,
á fọwọ́ kàn án léjìká.