Ta Ni Yóò Di Okùn Mú?

Agogo mẹ́wàá ti lù ní ṣọ́ọ̀ṣì òkè.
Yìnyín ń bọ́ lórí Ìdíríjà, kò pariwo,
ó ń bo ẹnu ihò tí mo wọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
ihò màkúrì tí wọ́n ti tì pa.
Neža, ọmọ ọmọ mi, jókòó sí tábìlì ìdáná,
lẹ́tà mẹ́ta níwájú rẹ̀, tíì rẹ̀ ti tutù.
Tí ọ̀gànjọ́ bá lù, wọn ò ní gba èsì mọ́.

Ọ̀kan wá láti Utrecht: owó wà, ilé kò sí.
Ọ̀kan láti Heidelberg: orúkọ ńlá,
bàbá rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì kó lè dùn lẹ́nu.
Ẹ̀kẹta láti Ljubljana, tí bọ́ọ̀sì kan péré ń gbéni dé,
ibi tí ìyá rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run sí láìlanu,
tó ń ju igi òwú léèsì rẹ̀ síra, kọ́-kọ́-kọ́,
bí ẹni pé àwọn igi yẹn ló máa dìbò.

"Bàbá àgbà, kí lẹ rí sí i?"
Èmi? Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹjọ, tí mo gbé ṣọ́bìrì?
Mo bi í pé kí ló ń wá gan-an.
Ó ní àwọn kan ń sọ pé okùn ni gbogbo nǹkan,
okùn tín-ín-rín tí ojú kankan ò ní rí láé,
pé kò sí ẹ̀rọ tó lè dé ibẹ̀,
àfi pẹ́ńsùlù, bébà,
àti ẹni tó gbà láti bá ọ ṣìṣe.

Okùn. Èyí yé mi.
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, a kì í bi ihò léèrè orúkọ.
Ohun tí à ń bèèrè ni pé, ta ló wà lókè lónìí?
Okùn ìbáà nípọn bí itan,
bí ẹni tó dì í mú bá sùn lọ, o di ará ilẹ̀.

Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo dákẹ́.
Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kan ṣoṣo
ló ti kọ ránṣẹ́ sí ojúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ní Heidelberg, akọ̀wé ló fèsì: ẹ wo ìlànà, ojú ìwé kẹrin.
Ti Ljubljana yìn ín, ó ní kó kí ìyá rẹ̀.
Ní Utrecht, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hylkema
ya àwòrán ojú ìwé méjì tó fọwọ́ kọ:
ó ṣírò, ó fagi lé e, ó tún un ṣe, ó tún fagi lé e,
ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé,
"Mi ò mọ̀. Máa bọ̀, ká jọ wò ó."

Igi òwú dákẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.
"Níbo lo máa sùn?"
"Mi ò mọ̀," ni Neža wí,
ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Mo dìde lọ wò ó bóyá yìnyín ti dí ilẹ̀kùn.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù.