Ọkọ́ Nínú Àpò Ìyá Mi

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bàálù níbí, iyọ̀ là ń kà,
òkìtì iyọ̀ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ.
Erékùṣù méjì ni, Yeongjong àti Yongyu,
òkun ló wà láàrin wọn, òkun tí kì í gbélé:
á jáde láàárọ̀, á padà lọ́sàn-án.
Bó bá ti jáde tán, àwọn obìnrin á ká ṣòkòtò sókè,
wọ́n á wọnú ẹrẹ̀ lọ, tàwọn ti ọkọ́ kékeré.
Ìyá mi, Gwak Bun-rye, wà nínú wọn.
Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọ̀já.

Àwọn ọkùnrin kan wá gbé máàpù dé.
Wọ́n ní òkun yìí ò jìn, ó ṣeé dí.
Wọ́n dí i.
Òkúta láti ara òkè tí wọ́n fá lórí bí ọmọ ìkókó,
yanrìn, yanrìn sí i, ọdún mẹ́jọ yanrìn.
Lékeléke wá wò ó, ó yí padà.
Wọ́n sanwó fún bàbá mi; ó ra tẹlifísàn,
ó fi ìyókù mutí, kò sì sọ̀rọ̀ iyọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ojú ọ̀nà bàálù kan di méjì, méjì di mẹ́ta, ó di mẹ́rin.
Gbọ̀ngàn kan ò gba èrò mọ́, wọ́n kọ́ èkejì.
Ẹ wá wò ó: ibi ìwẹ̀ wà ńbẹ̀, ibi ìsùn wà,
igi tí òjò ò pa rí ń hù lábẹ́ gíláàsì,
róbọ́ọ̀tì ń tẹríba, ó ń bi ọ́ níbi tí ò ń lọ,
àpótí rẹ sì ń sáré lábẹ́ ilẹ̀ ní tirẹ̀,
ó rìn jìnnà ju ọ̀nà iléèwé tí mo fẹsẹ̀ rìn.
Èmi gan-an, iná ojú ọ̀nà bàálù ni mò ń tún ṣe lóru.
Gílóòbù tó bá kú, èmi ni mò ń jí i.
Mi ò lè bú ilé tó ń bọ́ mi.

Ogún ọdún ó lé ni Ìyá fi gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí òrùlé,
kò wọ ibẹ̀ rí.
"Ọkọ́ ni mo mọ̀," á ní, "mi ò mọ ọkọ̀."
Àfìgbà tí Mi-ok bímọ sí Vancouver.

Níbi àyẹ̀wò, wọ́n ní kó bọ́ bàtà.
Ó bọ́ ọ. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú, kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ ìyẹn.
Ó dúró, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
bí wọ́n ṣe máa ń wá ìṣáwùrú lábẹ́ ẹrẹ̀.
Èrò ń pọ̀ lẹ́yìn wa. Ọkùnrin kan pòṣé.
"Ó le," ló wí. "Wọ́n dí i dáadáa."

Ẹ̀rọ wá ké.
Ọmọbìnrin tó wà nídìí rẹ̀ tú àpò:
ewé òkun gbígbẹ, ata lílọ̀, aṣọ ọmọ tuntun mẹ́ta,
ọkọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, tí òógùn ti sọ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ di dúdú.
"Màmá àgbà, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ́ ṣe nínú ọkọ̀?"
"Wọ́n ní òkun wà lọ́hùn-ún náà."
Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.
Ìyá wọ bàtà, kò wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ń lọ,
ó ń kéré sí i láàrin gíláàsì.

Ọkọ́ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi níbi iṣẹ́.
Wọ́n ní odò kì í gbàgbé orísun. Òkun ńkọ́?
Láago mẹ́ta òru, bí ojú ọ̀nà bá dá,
mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi létí ògiri ìwọ̀-oòrùn,
mò ń gbọ́ omi níta bó ṣe ń fà,
ẹrẹ̀ ń mí pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, láti ihò alákàn.

Gílóòbù mẹ́rìnlá ló kú lánàá.
Mo ti jí mọ́kànlá.