Èèpo Sófúláńgì

Aràn kì í ṣe àrán,
bí ẹnu tilẹ̀ fẹ́ da wọ́n pọ̀.
Àrán là ń fi bora lọ́jọ́ ayọ̀;
aràn a wọ inú ọmọlọ́mọ, a jókòó,
a jẹun tí kò dá owó sí.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́, ìkùukùu bo ìlú Shillong,
òtútù di etí mi mú bí ẹ̀mú.
Mo dúró síwájú ìsọ̀ Bah Shanbor, alápatà adìẹ.
Itan àti igẹ̀ kọ́ ni mo wá rà, ó ti mọ̀.
"Ìfun rẹ rè é, Ibadaker. Ọbẹ̀ wo lo ń fi í sè?"
Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sanwó, mo sáré wọ bọ́ọ̀sì.

Lórí tábìlì mo la ìfun náà gbọọrọ.
Wọ́n wà níbẹ̀: funfun, pẹlẹbẹ, oríkèé-oríkèé,
wọ́n fi orí di ara ìfun mú
bí ọmọ tí kò fẹ́ já lẹ́nu ọmú.

Ìyá àgbà mi kò mọ orúkọ tí ìwé ń pè wọ́n.
Sófúláńgì ló mọ̀,
egbò kékeré olómi, tí à ń hú lẹ́yìn òjò,
tí à ń jẹ ní tútù.
Mo máa ń fi èékánná bó o kó lè funfun bí eyín;
wọn a gbá mi lọ́wọ́:
"Má bó o! Inú èèpo lọ̀rọ̀ wà."
Mo rò pé ahun ló ń ṣe wọ́n.

Ní báyìí mo sá èèpo, mo lọ̀ ọ́,
mo fi ọtí líle rẹ ẹ́, mo sẹ́ ẹ, mo wọ̀n ọ́n.
Àwo márùn-ún.
Omi iyọ̀ lásán nínú ọ̀kan,
oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí nínú ìkejì,
mẹ́ta tó kù, èèpo: fẹ́ẹ́rẹ́, díẹ̀ sí i, kíki.
Mo ń wo aago, mo ń fi imú abẹ́rẹ́ kàn wọ́n:
ṣé o ṣì wà?

Oògùn ìjọba ló kọ́kọ́ pa tirẹ̀; kí n má purọ́.
Ṣùgbọ́n nínú èèpo kíki, aràn ká kò,
ó nà tàntàn,
kò dá abẹ́rẹ́ lóhùn mọ́.

Kong Thrina gbọ́. Ó gbé Banteilang wá,
ikùn rẹ̀ rí bí igbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbálẹ̀.
"Fún mi nínú ìgò yẹn."
Mo ní rárá.
Mo ní àwo kì í ṣe ikùn;
àwo kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín,
àwo kì í sunkún lóru.
Mo ní ilé ìwòsàn orí òkè ń pín oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ l'Ọ́jọ́bọ̀.
"Ìyá àgbà rẹ kò dúró de àwo," ló wí,
ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Wákàtí àádọ́rin: ti inú omi iyọ̀ ṣì ń mira.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ń ta mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo rí Banteilang lẹ́bàá ọ̀nà,
sófúláńgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bó o,
èèpo ń bọ́ sí gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.
N kò mọ ìgbà tí mo lanu;
ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi:
"Má bó o!"
Ọmọ náà gbé ọwọ́ sẹ́yìn,
ó ń wò mí bí ẹni ń wo ahun.